Ẹnu Ta Ni Ìwé Ìròyìn Náà Fi Ń Sọ̀rọ̀?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Òwe yìí bá ìwé ìròyìn lítíréṣọ̀ mu, nítorí kò sí olóòtú tó lè dá kọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń kéde pé kí àwọn òǹkọ̀wé fi ewì àti ìtàn ránṣẹ́. Lóde òní, ọ̀pọ̀ irú ìkéde bẹ́ẹ̀ a máa fi kún un pé àwọn kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀: ọkùnrin, obìnrin, ọmọdé, àgbà, akàndá ẹ̀dá, ará ìlú ńlá, ará oko, kí kálukú máa bọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé ilẹ̀kùn ṣíṣí nìkan kò tó. Ìbéèrè kan ló yẹ kí á fi wọn irú ìwé ìròyìn bẹ́ẹ̀ wò: ṣé ẹni tó wọlé lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀?

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti Èkó. Láàárín ọdún 1929 sí 1930, Akéde Èkó, ìwé ìròyìn Yorùbá tí Isaac Babalọlá Thomas jẹ́ olóòtú rẹ̀, ń tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá jáde. Obìnrin náà ní òun ti dàgbà, àìsàn sì ti dá òun gúnlẹ̀. Ó wá ń ròyìn ìgbésí ayé òun àti àwọn ọkùnrin tí òun bá rìn nígbà èwe. Ìtàn náà wọ àwọn òǹkàwé lára débi pé àwọn náà ń kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn nípa rẹ̀. Ní ọdún 1930, Thomas kó àwọn lẹ́tà náà jọ di ìwé, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì kà á sí ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Thomas fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́.

Mo gbóríyìn fún Thomas. Ó fi ààyè sílẹ̀ fún lẹ́tà àwọn òǹkàwé, ó sì lo Yorùbá tí àwọn ará Èkó ń sọ. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí òǹkọ̀wé fi ohùn ẹlòmíràn sọ̀tàn. Síbẹ̀, bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìwé ìròyìn náà gba obìnrin láyè, tí a kàn ka iye ìgbà tí obìnrin sọ̀rọ̀ níbẹ̀, a ó tan ara wa jẹ. Ohùn obìnrin la gbọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọkùnrin ló mú kálàmù.

Ìwé ìròyìn kejì ni Black Orpheus, tí Ulli Beier àti Janheinz Jahn, ọmọ Jámánì méjì, dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1957. Nígbà tó yá, Wọlé Ṣóyínká àti Ezekiel Mphahlele láti Gúúsù Áfíríkà di ara àwọn olóòtú rẹ̀. Bí a bá ń wá ìwé ìròyìn tó ṣílẹ̀kùn gbayawu, òun nìyí. Iṣẹ́ Gabriel Okara àti J. P. Clark jáde níbẹ̀. Wọ́n túmọ̀ ewì Senghor ti Senegal àti Césaire ti Martinique láti èdè Faransé sí Gẹ̀ẹ́sì, kí àwa tí a wà níhìn-ín lè kà wọ́n.

Yorùbá náà wọlé, ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe wọlé. Oríkì àti ewì ẹnu wa tó jáde níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n túmọ̀ wọn sí. Láàárín ìlú Ìbàdàn, Yorùbá dà bí àlejò tó gbọ́dọ̀ pààrọ̀ aṣọ lẹ́nu ọ̀nà. Mo mọ ìdí rẹ̀: Gẹ̀ẹ́sì ló lè kó ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Gánà àti ọmọ Jamaica jọ sójú kan. Àǹfààní ńlá ni. Àmọ́ Fágúnwà, tí ìwé rẹ̀ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti jáde láti ọdún 1938, kò ní í lè tẹ ìtàn tuntun síbẹ̀ ní èdè tó fi ń kọ̀wé. Wọ́n gba ènìyàn dúdú tọwọ́tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò gba ẹnu rẹ̀.

Ẹ fi èyí wé ọ̀rọ̀ Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta. Ó rí ìkéde àwọn atẹ̀wé ẹlẹ́sìn Kristi kan nínú ìwé ìròyìn, ó sì fi ìtàn rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọn kò tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n fi í ṣọwọ́ sí ilé-iṣẹ́ Faber and Faber, tó tẹ The Palm-Wine Drinkard jáde ní ọdún 1952. Gẹ̀ẹ́sì Tutùọlá kì í ṣe ti ilé ìwé. Yorùbá ló wà nídìí rẹ̀. Atẹ̀wé náà fi èyí tó pọ̀ jù sílẹ̀ bó ṣe wà. Inú bí àwọn ọ̀mọ̀wé kan nílé, wọ́n ní ó dójú tì wá. Lónìí, kárí ayé ni wọ́n ti ń kà á. Ká ní olóòtú kan ti tún gbogbo gbólóhùn rẹ̀ ṣe ni, ìtàn ì bá ṣẹ́kù, ṣùgbọ́n Tutùọlá kì bá tí sí níbẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ọmọ Àyèká gan-an. Lóde òní, ẹgbẹ́ Àtẹ́lẹwọ́, tí àwọn ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé dá sílẹ̀, ń tẹ ewì, ìtàn àti àròkọ jáde ní èdè Yorùbá. Ohun tí Black Orpheus kò ṣe nìyẹn, ó sì yẹ fún ìyìn. Ìbéèrè tó kù fún gbogbo ìwé ìròyìn Yorùbá ni pé: Yorùbá ta ni? Yorùbá àjùmọ̀lò tí a ń kọ sún mọ́ ti Ọ̀yọ́ ju ti ilẹ̀ Ìkálẹ̀ lọ. Nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀-orúkọ kì í fi fáwẹ̀lì u bẹ̀rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, kì í ṣe èèmọ̀. Orúkọ ìlú Ùgbò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ ń jẹ́rìí sí i.

Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ Ìkálẹ̀ bá fẹ́ fi ìtàn ránṣẹ́, kí ni yóò ṣe? Ìyá àgbà inú ìtàn náà ń ro púpurú ní Àyèká, ṣùgbọ́n bó bá ti lanu báyìí, ó di ará Ọ̀yọ́. Kò sẹ́ni tó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ náà yí i padà. Ìkéde kàn sọ pé "ní èdè Yorùbá" ni, òun náà sì ti mọ irú Yorùbá tí wọ́n ń wí. Yíyọni sílẹ̀ láìpariwo nìyẹn.

Ẹnìkan lè bi mí pé, bí kálukú bá ń kọ ẹ̀ka-èdè tirẹ̀, ta ni yóò kà á? Ìbéèrè náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Yorùbá àjùmọ̀lò ló jẹ́ kí ọmọ Ìkálẹ̀ lè ka Fágúnwà, òun ni mo sì fi kọ àròkọ yìí kí ọmọ Ìbàdàn lè kà á. Nínú ìdánwò, òun ni kí á kọ. Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn lítíréṣọ̀ kì í ṣe gbọ̀ngàn ìdánwò. Asọ̀tàn lè lo Yorùbá àjùmọ̀lò, kí àwọn ẹ̀dá inú ìtàn máa sọ tiwọn. Ewì lè wà ní Ìkálẹ̀, kí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tó le wà nísàlẹ̀. Bí a bá rí "fóònù" tàbí "tẹlifíṣọ̀n" nínú ìtàn, a kì í pè é ní àṣìṣe. Kí ló wá dé tí ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá wa fi di àṣìṣe?

Ohun méjì ni mo ń bẹ àwọn olóòtú fún. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìkéde wọn ní kedere pé àwọn ń gba ẹ̀ka-èdè. Kí wọ́n sì bi òǹkọ̀wé léèrè kí wọ́n tó yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí wa, ẹ jẹ́ kí á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Ìkálẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtìjú.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá rí ìkéde tó ní àwọn kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ka ìwé ìròyìn náà fúnra rẹ̀. Ẹ fetí sí bí àwọn àgbà inú rẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀. Bí gbogbo wọn bá ń sọ̀rọ̀ bákan náà, àwọn kan ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.