Àlejò Tí Ó Gbé Ilé Rẹ̀ Dání

Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé ìwé ìrìnàjò ni òun fẹ́ ṣe àríwísí rẹ̀, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ bi í ni pé ṣé lítíréṣọ̀ ni ìyẹn náà. Ìtàn àròsọ ni wọ́n kà kún, ewì ni wọ́n kà kún, eré oníṣe ni wọ́n kà kún. Ìwé tí ẹnì kan fi sọ pé òun kúrò ní ibí, òun dé ọ̀hún, òun jẹ èyí, òun sùn síbẹ̀, lójú wọn kò yàtọ̀ sí lẹ́tà tí a kọ sí ará ilé. N kò bá wọn jiyàn lórí èyí. Lẹ́tà ni lóòótọ́. Ohun tí mo sì fẹ́ wí gan-an ni pé ìgbà tí ó jẹ́ lẹ́tà ni ó dára jù.

Oríṣi ìrìnàjò kan wà tí àwọn òyìnbó fẹ́ràn púpọ̀, tí ó sì ti ń wọ àwọn tiwa náà lójú. Wọ́n á so ilé kékeré mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò, tàbí kí wọ́n sọ mọ́tò náà fúnra rẹ̀ di ilé: ibùsùn wà níbẹ̀, sítóòfù wà níbẹ̀, omi wà nínú kẹ́ẹ̀gì, aṣọ fèrèsé pàápàá kò gbẹ́yìn. Wọ́n á wá máa tọ etí òkun lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Ibi tí ilẹ̀ bá ṣú wọn sí ni wọn yóò sùn sí. Bí ìgbín bá ń lọ, ìkarahun rẹ̀ a máa tẹ̀lé e. Lẹ́yìn èyí ni ìwé yóò jáde, tàbí àwòrán tí ń rìn: bí oòrùn ṣe wọ̀, bí ìgbì ṣe ń fọ́ lára àpáta, bí iyanrìn ṣe funfun tó. Mo ti ka irú rẹ̀ púpọ̀ tó láti mọ̀ pé bí ẹnì kan bá pààrọ̀ orúkọ ìlú inú ọ̀kan sí inú èkejì, òǹkàwé kò ní fura.

Ẹ jẹ́ kí a wá bi ara wa pé bí a bá gbé irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ sí etí òkun tiwa, irú ìwé wo ni yóò ti ibẹ̀ jáde? Àbá tí ó ṣeé ṣe ni mo ń dá yìí o. Láti Jakande Estate ní Ìsọlọ̀, níbi tí èmi ń gbé, Mile 2 kò jìnnà, Mile 2 sì ni ojú ọ̀nà Àgbádárìgì. Ẹni tí ó bá kọjá Àgbádárìgì yóò dé ẹnubodè Sèmè. Láti ibẹ̀ ni yóò ti bọ́ sí Àjàṣẹ́ àti Kutonu, Wídà, Grand-Popo, títí dé Hillacondji tí ó jẹ́ ẹnubodè Tógò. Aného ni yóò tún kàn, lẹ́yìn náà Lomé, lẹ́yìn Lomé ni Aflao tí ó wọ ilẹ̀ Gánà, lẹ́yìn Aflao ni ọ̀nà Keta àti ti Accra. Ẹnubodè mẹ́ta ni, orílẹ̀-èdè mẹ́rin. Láti ìgbà tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní 1979, ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú wọn lè wọ ti èkejì kí ó sì lo 90 ọjọ́ níbẹ̀ láìgba físà.

Ní ti ẹwà, kò sí ohun tí a fẹ́ yá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní ibi púpọ̀ lójú ọ̀nà yìí, lórí okùn iyanrìn tóóró ni ènìyàn yóò máa lọ, òkun ní ọwọ́ òsì, ọ̀sà ní ọwọ́ ọ̀tún. Ẹni tí ó ń sọ èdè wa kò gbọdọ̀ pe méjèèjì ní ohun kan náà. Òkun ní Olókun, ọ̀sà ní Ọlọ́sà. Àwọ̀n tí a ń dà sí ọ̀kan kọ́ ni a ń dà sí èkejì. Ìyá tí kò ní bẹ̀rù kí ọmọ rẹ̀ wẹ̀ nínú ọ̀sà lè fi pàṣán lé ọmọ náà kúrò ní etí òkun. Òǹkọ̀wé tí ó bá kọjá láàárín àwọn méjèèjì, tí ó wá kọ ọ́ pé omi dára lọ́tùn-ún lósì, kò rí ọ̀kankan nínú wọn.

Àwọn àgbà sọ pé àlejò ní ojú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Onílé ni ó ń fi hàn án. Ibí yìí ni ìwé ìrìnàjò Yorùbá ti yàtọ̀ sí ti onímọ́tò-onílé wọ̀nyí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1920, nígbà tí àwọn ìwé ìròyìn Yorùbá pọ̀ ní Èkó, àwọn olóòtú wọn a máa rìnrìn àjò, wọn a sì máa kọ ìròyìn ìrìn náà sínú ìwé ìròyìn wọn bí ẹni ń kọ lẹ́tà sí ojúlùmọ̀. Àwọn ìròyìn náà kún fún orúkọ: ẹni tí ó gbà wọ́n sílé, ẹni tí ó ṣe wọ́n lálejò, ẹni tí ó mú wọn rìn káàkiri ìlú. Àwọn kan nínú wa a máa rẹ́rìn-ín sí èyí, wọn a ní ìkíni ti pọ̀ jù, ìpọ́nni náà ti pọ̀ jù. Ó pọ̀ lóòótọ́, ìgbà mìíràn wà tí ó ń rẹ ènìyàn láti kà á. Ṣùgbọ́n nínú ìkíni yẹn ni ìlú ti ń jáde sí wa. Olóòtú kò lè rí ìlú náà bí kò ṣe láti ẹnu ẹni tí ó gbà á sílé.

Fágúnwà náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀. Nígbà tí apá kìn-ín-ní Ìrìnàjò rẹ̀ jáde ní 1949, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń ròyìn, àwọn ará ilé sì ni ó ń bá sọ̀rọ̀. A sábà máa ń fi ìwé yìí sílẹ̀ tí a ó sì sáré lọ bá igbó àti iwin. Mo rò pé a ń ṣì í ṣe, nítorí níbẹ̀ ni a ti rí Fágúnwà tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ àlejò, láìsí ọdẹ kan tí yóò fi ṣe bojúbojú.

Ti Ọlábísí Àjàlá ni àwọn ènìyàn mọ̀ jù, nítorí Ebenezer Obey fi í kọrin. Òun gun alùpùpù káàkiri ayé, ó sì tẹ ìwé rẹ̀, An African Abroad, jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1963. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́, àwọn olórí ìlú àti ènìyàn ńlá sì gba àyè púpọ̀ níbẹ̀. N kò fẹ́ràn bí ó ti ń lépa àwọn ẹni ńlá yìí. Síbẹ̀, alùpùpù kò ní òrùlé. Bí òjò bá dé, ẹni tí ó gùn ún ní láti kan ilẹ̀kùn ẹnì kan, kíkan ilẹ̀kùn yìí ni ó sì ń mú ìtàn wá.

Emmanuel Iduma jẹ́ ti òde òní. Ó wà lára àwọn ayàwòrán àti òǹkọ̀wé tí wọ́n jọ ń wọ ọkọ̀ kan ṣoṣo láti Èkó káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà lábẹ́ ẹgbẹ́ Invisible Borders, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2009 pẹ̀lú ìrìn láti Èkó sí Bamako. Ìwé rẹ̀, A Stranger's Pose, jáde ní 2018. Ó já a sí wẹ́wẹ́, ó sì fi àwòrán há a láàárín; kò tò ó bí ọ̀nà ti lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ iye kìlómítà tí ó wà láàárín ìlú méjì kò ní rí i níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ bí ó ti máa ń rí láti dúró láàárín àwọn tí ń sọ èdè tí ènìyàn kò gbọ́. Àwa tí a ń kọ́ èdè yẹ kí a ka ìwé náà fún èyí nìkan.

Ní 2024, Pẹ̀lúmi Nubi wa mọ́tò Peugeot 107 kékeré kan láti Lọ́ńdọ̀nù dé Èkó. Ó gba etí òkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kọjá, ó sì wọlé ní oṣù kẹrin ọdún náà. Ìjàm̀bá ọkọ̀ dá a dúró ní Côte d'Ivoire kí ó tó lè máa bọ̀. Orí fóònù ni gbogbo wa ti tẹ̀ lé e. Ìgboyà rẹ̀ kò ní àríwísí. Ohun tí mo kíyè sí gẹ́gẹ́ bí òǹkàwé ni pé títí di ìgbà ìjàm̀bá náà, mọ́tò ni olórí ìtàn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ènìyàn wá pọ̀. Ìgbà tí ìkarahun fọ́ ni ìgbín mọ̀ pé òun wà ní ìlú onílùú.

Ẹnì kan lè sọ pé kí ló burú nínú wíwo ẹwà òkun kí ènìyàn sì máa bá tirẹ̀ lọ? Kò burú fún ìsinmi. Ó burú fún ìwé. N ó fi ohun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀bá Jakande Estate ni odò kànáàlì Òkè-Àfà wà. Ewéko omi a máa bo ojú rẹ̀, ó a sì tutù yọ̀yọ̀ bí pápá. Ẹni tí ó bá ń kọjá lè dúró yà á ní fọ́tò. Ní ọjọ́ 27 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2002, nígbà tí àgbá inú bárékè Ìkẹjà bẹ̀rẹ̀ sí í bú, àwọn ènìyàn ń sá lọ nínú òkùnkùn. Ọ̀pọ̀ sá bọ́ sórí ewéko yẹn, wọ́n ṣe bí ilẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni kò jáde níbẹ̀ mọ́, a sì mọ ohun ìrántí wọn sí Òkè-Àfà. Kò sí ohun tí ó wà lójú omi náà tí yóò sọ èyí fún arìnrìnàjò. Onílé ni yóò sọ ọ́.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni gbogbo etí òkun tí mo dárúkọ rí. Ìyanrìn Wídà dára, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń kó ẹrú wọ ọkọ̀. Àwọn ará ibẹ̀ mọ ẹnu-ọ̀nà ńlá kan sí etí omi fún ìrántí wọn. Keta dára, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí òkun ti ń jẹ ilẹ̀ ìlú náà, tí ó sì ti gbé lára odi Prinzenstein tí àwọn ará Denmark kọ́ ní 1784 lọ. Kofi Awoonor, tí wọ́n bí sí agbègbè yẹn, kọ ewì lórí ilẹ̀ tí òkun ń jẹ, The Sea Eats the Land at Home. Ìgbì kan náà ni arìnrìnàjò ń yà ní fọ́tò. Onílé ní tirẹ̀ mọ àdògán ẹni tí ìgbì gbé.

Ọ̀nà náà fúnra rẹ̀ ní ìtàn. Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n jáde. Ọ̀pọ̀ Yorùbá, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ pàápàá, padà sílé pẹ̀lú ohun tí orí lè rù. Ní oṣù kìn-ín-ní 1983, ìjọba Shagari ṣe tirẹ̀ fún àwọn ará Gánà àti àwọn mìíràn, ó lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn. Etí òkun yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn gbà, wọ́n sì há sójú ọ̀nà nítorí pé Gánà ti ti ẹnubodè rẹ̀. Àpò tí wọ́n fi kó ẹrù ṣì wà ní ọjà wa títí di òní, a sì ń fi orúkọ wọn pè é láìrò ó. Àwọn náà sùn sínú ọkọ̀ ní etí òkun. Ilé wọn náà wà lórí wọn. N kò tíì rí ìwé Yorùbá kan tí ó fi ìrìn 1969 àti ti 1983 sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí ó sì bi wá ní ìbéèrè tí ó yẹ kí a dáhùn.

Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà mìíràn ní 2024, láti Èkó lọ sí Kàlàbá lẹ́bàá òkun, 700 kìlómítà. Bí ó bá parí, mọ́tò onílé yóò pọ̀ níbẹ̀, ìwé yóò sì pọ̀. Ní tèmi, bí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ wa bá fẹ́ gbìyànjú ti ìwọ̀-oòrùn ṣáájú nínú ìsinmi tí ń bọ̀, kí ó lọ, kí ó tilẹ̀ gbé ibùsùn dání bí ó bá wù ú. Mo kàn ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó sùn ní ilé ẹnì kan ní Aného, kí ó sì kọ orúkọ tí ẹni náà ń pe òkun ní èdè tirẹ̀ wá fún wa.