Ìwádìí Tó Ń Wá Ìrántí

Fáírọ́ọ̀sì herpes simplex, èyí tó máa ń fa egbò kéékèèké sí ètè, ló máa ń wọ inú ọpọlọ àwọn kan lọ. Ibà á kọ́kọ́ dé, orí á máa fọ́. Kí ó tó pẹ́, àgbàlagbà tó ń sọ̀rọ̀ gidi lánàá á bẹ̀rẹ̀ ìsọkúsọ, gìrì á sì gbé e. Láìsí ìtọ́jú, nǹkan bí ènìyàn 7 nínú 10 ni àrùn náà ń pa. Ní àwọn ọdún 1980, oògùn aciclovir dé, ikú sì dín kù púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ ikú ni kò bọ́ lọ́wọ́ ìgbàgbé, nítorí apá ọpọlọ tó ń tọ́jú ìrántí gan-an ni àrùn yìí sábà máa ń bá jà.

Wíwú ọpọlọ wà lára ohun tó ń ba nǹkan jẹ́, agbárí kò sì lè fẹ̀ bí ikùn. Oògùn steroid máa ń jẹ́ kí wíwú fà, àmọ́ ó tún máa ń dẹwọ́ àwọn ọmọ-ogun ara tó ń bá fáírọ́ọ̀sì jà. Ìdí rèé tí àwọn dókítà fi ń ṣiyèméjì lórí rẹ̀.

Láti tú kókó náà ni Tom Solomon ti Yunifásítì Liverpool àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe gbé ìwádìí DexEnceph kalẹ̀ ní àwọn ilé-ìwòsàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo aláìsàn ló gba aciclovir. Gègé ni wọ́n fi yan àwọn tí yóò gba dexamethasone, tó jẹ́ oògùn steroid, kún un: mílígíráàmù 10 sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà, fún ọjọ́ 4. Bí aláìsàn kò bá lè dá ìpinnu ṣe, ẹbí rẹ̀ lè tọwọ́ bọ̀wé fún un.

Ibi tó wù mí jù ni ìdánwò ọ̀sẹ̀ kẹrìndínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn yíyàn náà. Ẹni tó ń dán aláìsàn wò kò mọ̀ bóyá aláìsàn náà gba steroid tàbí kò gbà. Yóò ka ìtàn kúkúrú kan, aláìsàn á sì tún un sọ. Wọ́n á wá mú ọ̀rọ̀ gba ibòmíràn. Tó bá tó bí ìdajì wákàtí, wọ́n á ní kó tún ìtàn náà sọ. Èyí tó kù lọ́kàn rẹ̀ ni wọ́n ń kà.

Ó rọrùn láti ka òkú àti alààyè. Àwọn olùwádìí wọ̀nyí gbé ìbéèrè tí ìyàwó àti ọmọ máa ń bi dókítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, pé ṣé orí rẹ̀ á padà pé, wọ́n sì sọ ọ́ di ohun tí a lè wọ̀n.