Ẹ́ńjìnnì Àgbà ní Ọjà Ekiosa

Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata ní Ọjà Ekiosa nílùú Benin mọ̀ mí dáadáa. Èmi ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè bí ẹ́ńjìnnì bá kọṣẹ́. Oríṣiríṣi ni mo ń tún ṣe, kékeré àti ńlá, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo wọn lọ: àgbà ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì tó ní fláíwíìlì rìbìtì-rìbìtì méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí tí gbogbo ọjà ń pè ní Lister. Bí ọjà bá kún, tí korobá ata àti tòmátì tò lọ gbọọrọ, tí ìyá kan ń bẹ ẹni tó ń lọ ata pé kó kọ́kọ́ fọ ẹ̀rọ kí ata má bàa kó sínú ẹ̀gúsí òun, mo lè dúró níbi tí mo wà kí n fi etí lásán mọ̀ bóyá nọ́sù ẹ́ńjìnnì náà ti dọ̀tí, tàbí béárìn rẹ̀ ti fẹ́ máa jẹ.

Ìlú Dursley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ilé iṣẹ́ Lister ti bẹ̀rẹ̀ sí rọ ẹ́ńjìnnì yìí ní nǹkan bí ọdún 1930. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn, agbára ẹṣin mẹ́fà péré ló ní, ìgbà 650 ló sì ń yí láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ fi wé jẹnẹrétọ̀ kékeré tó wà nílé yín, tó ń yí ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan náà, ẹ óò mọ ìdí tí ọ̀kan fi ń gbó kíá, tí èkejì fi ń di ohun tí bàbá fi sílẹ̀ fún ọmọ. Lónìí, èyí tí mo ń bá pàdé jù ni àwọn tí wọ́n rọ ní Rajkot, ní Íńdíà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe irú rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹni tó bá mọ ti Dursley tú, yóò mọ ti Rajkot tú.

Kò fẹ́ bátìrì, kò fẹ́ kọ́kọ́rọ́, kò sì dúró de iná NEPA. Ẹ óò gbé ọwọ́ kékeré tó ń ṣí fáàfù èéfín sókè kí afẹ́fẹ́ inú sílíńdà ráyè jáde, ẹ óò wá fi áńdù yí i. Fláíwíìlì á kọ́kọ́ lọ́ra, ẹ óò làágùn díẹ̀, lẹ́yìn náà ni irin á bẹ̀rẹ̀ sí fa ara rẹ̀. Bí eré rẹ̀ bá ti tó, ẹ dá ọwọ́ fáàfù padà. Gbì! Ó ti gbà nìyẹn. Dírọ́ọ̀mù omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń tù ú lára, pọ́ọ̀ǹpù kankan kò sì sí níbẹ̀: omi tó gbóná ń gba páìpù òkè padà sínú dírọ́ọ̀mù, èyí tó tutù ń gba ti ìsàlẹ̀ wọlé. Mo máa ń ní kí ọmọ iṣẹ́ tuntun fọwọ́ kan páìpù méjèèjì kí ó tó di pé mo la ẹnu ṣàlàyé. Ọwọ́ rẹ̀ á ti sọ fún un.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti dùn mọ́ mi jù ni béárìn ńlá tó gbá kíráńkì mú. Irin méjì tó ṣe kọdọrọ ni, tí wọ́n fi mẹ́táàlì funfun tẹ́ inú wọn. Tánńganran ló sábà máa ń pọ̀ jù nínú mẹ́táàlì yìí, pẹ̀lú bàbà díẹ̀ àti antimony. Ó rọ̀, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ó rọ̀ ni: bí òróró bá gbẹ, òun ni yóò kọ́kọ́ yọ́ kí ìyà má bàa jẹ kíráńkì tó wọ́n ju ẹ́ńjìnnì àlòkù mìíràn lọ. Bí mo bá dá tuntun sí i, tí mo sì ti fi lẹ́ẹ̀tì gbẹ́ ẹ, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. N ó po èéfín dúdú fìtílà mọ́ òróró díẹ̀, n ó fi ìka pa á fẹ́ẹ́rẹ́ sára kíráńkì, n ó dé béárìn lé e, n ó dì í, n ó yí fláíwíìlì lẹ́ẹ̀kan, n ó sì tún tú u. Ibikíbi tó bá gba dúdú, ibẹ̀ ló ga. Mo ní irin ìhá kan tí mo fi fáìlì àtijọ́ pọ́n. Òun ni mo fi ń há ibẹ̀, jẹ́jẹ́ bí ẹni ń fá orí ọmọ tuntun. N ó tún pa dúdú, n ó tún dé e, n ó tún yí i. Lákọ̀ọ́kọ́, ojú ibi méjì mẹ́ta ni dúdú á mọ. Nígbà tó bá yá, á máa tàn ká, títí inú béárìn á fi kún fún àmì wóróworó láti etí dé etí. Ìgbà yẹn ni irin méjèèjì tó mọ ara wọn. Àwọn ọmọ iṣẹ́ á ní, "Ọ̀gá, ó ti tó báyìí." N ó ní kí wọ́n yí i lẹ́ẹ̀kan sí i.

Lóru ọjọ́ kan, mo rí bàbá arúgbó kan nínú fídíò lórí fóònù mi, ní orílẹ̀-èdè Jámánì, tó ń há mẹ́táàlì funfun bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ti ẹ́ńjìnnì rélùwéè ni tirẹ̀, ẹ́ńjìnnì olóoru tó ń jẹ èédú; béárìn náà tóbi ju orí èèyàn lọ. Èdè tó ń sọ kò yé mi rárá, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe ló yé mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ìtàn àwọn èèyàn yìí kiri.

Ìwọ̀-oòrùn Jámánì pa iná ẹ́ńjìnnì olóoru rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 1977. Ìlà-oòrùn Jámánì lò ó títí di 1988 lórí àwọn ojú irin ńlá rẹ̀. Àwọn aráàlú kan ò gbà kí gbogbo rẹ̀ di kọ́ńdẹ̀mù. Kódà wọn kò dúró dìgbà náà: lọ́dún 1966 ni ẹgbẹ́ kan ti bẹ̀rẹ̀ sí fi ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ kó èrò láti Bruchhausen-Vilsen lọ sí Asendorf, ọ̀nà tó tó nǹkan bí kìlómítà mẹ́jọ, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Jámánì. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ báyìí. Tíṣà wà nínú wọn, akọ̀wé wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni awakọ̀ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n ń dá owó ẹgbẹ́, wọ́n sì ń lo ọjọ́ ìsinmi wọn lábẹ́ irin, nínú gírísì, láìgba kọ́bọ̀.

Ẹ́ńjìnnì wọn tó wú mi lórí jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní 52. Ogun Àgbáyé Kejì ló bí i. Láti 1942 ni wọ́n ti ń rọ ọ́, wọ́n rọ ohun tó lé ní 6,000, wọ́n sì yọ gbogbo ohun tí kò pọn dandan kúrò lára rẹ̀ kí iṣẹ́ lè yá. Ogun ni wọ́n rọ ọ́ fún, wọn kò rọ ọ́ kí ó pẹ́. Síbẹ̀, díẹ̀ nínú wọn ṣì ń sáré lónìí, lẹ́yìn ọgọ́rin ọdún. Ọwọ́ àwọn tó ń tún un ṣe ló fún un ní ẹ̀mí tí àwọn tó rọ ọ́ kò fún un.

Bọ́ìlà ni ìkòkò irin ńlá tí omi ti ń hó di ooru; iná rẹ̀ gba sùúrù. Láti ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò ni wọ́n ti ń dá a, díẹ̀díẹ̀, torí bí apá kan irin náà bá gbóná ju apá kejì lọ, oríkèé rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí jò. Gíláàsì kan wà níwájú awakọ̀ tó ń fi ibi tí omi dé hàn. Ẹni tó bá gbójú kúrò lára gíláàsì yẹn ń fi ẹ̀mí ṣeré: bí omi bá fà kúrò lórí àjà ibi iná, irin á rọ̀, bọ́ìlà á sì bú gbàù. Ìdí nìyẹn tí òfin wọn fi le, tí wọ́n fi dá iye ọdún tí bọ́ìlà lè lò kí àyẹ̀wò ńlá tó kàn án. Ilé iṣẹ́ kan ṣì wà ní Meiningen tó ń tún bọ́ìlà ṣe, tó sì ń rọ tuntun. Nígbà tí àwọn olólùfẹ́ rélùwéè ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dáwó jọ láti rọ ẹ́ńjìnnì olóoru tuntun, Tornado, èyí tí wọ́n parí ní 2008, Meiningen ni bọ́ìlà rẹ̀ ti wá.

Ẹnì kan á ní kí ló kan ará Ekiosa nínú èyí, nígbà tí rélùwéè kò wọ ìlú Benin rí. Ó kàn wá. Ọmọ Ora, ní ibi tó di Ìpínlẹ̀ Edo, ni Michael Imoudu, tó ṣáájú àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè nígbà ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńlá ọdún 1945. Ẹ́ńjìnnì olóoru ló bẹ̀rẹ̀ sí ná Èkó sí Ìbàdàn ní 1901. Ní Tógò, àwọn ará Jámánì fúnra wọn ló la ojú irin Lomé sí Aného ní 1905 àti ti Kpalimé ní 1907. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi sì jẹ́ fítà ní ọgbà rélùwéè Ebute Metta. Òun ló kọ́ mi pé kí n fi ẹnu sípánà kan ara ẹ́ńjìnnì, kí n fi ìdí rẹ̀ sétí, kí n gbọ́ ibi tí ìró ti ń wá. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń ṣe é títí dòní.

Ní ọgbà Ebute Metta yẹn, ẹgbẹ́ Legacy 1995, àwọn tó fẹ́ kí ohun àtijọ́ má parun, ti tún Jaekel House ṣe, ilé tí àwọn òyìnbó rélùwéè kọ́ ní 1898, wọ́n sì sọ ọ́ di ibi ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí. Mo kí wọn tọkàntọkàn. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n mo dúró níwájú ẹ́ńjìnnì olóoru kan níbẹ̀ tí kò níná nínú, inú mi kò sì dùn délẹ̀. Bí irin bá dúró sójú kan, a lè mọ bó ṣe rí. Bó ṣe ń gbóná, bó ṣe ń mí, ibi tó ti ń kọ́kọ́ jò, àwọn tó ti dáná sí i rí nìkan ló mọ ìyẹn. Àwọn yẹn ti darúgbó, ọ̀pọ̀ ti lọ.

Ní Ekiosa, kò sí ẹgbẹ́ olùyọ̀ǹda kankan. Ata ló ń mú kí Lister máa yí. Ìyá tó fẹ́ lọ ewé ọbẹ̀ dúdú kò bìkítà pé Dursley ni wọ́n ti rọ ẹ̀rọ tàbí Rajkot. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé bí mọ́tọ̀ iná àti ẹ́ńjìnnì kékeré olówó pọ́ọ́kú ṣe ń pọ̀ sí i, àwọn tó ń ra irin kọ́ńdẹ̀mù ń wọ́ àgbà ẹ́ńjìnnì lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìmọ̀ ìtọ́jú rẹ̀ sì ń bá a lọ. Mi ò bínú sí mọ́tọ̀ iná. Kì í rú èéfín, kì í pariwo. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ lọ́jọ́ ọjà, Lister náà ni wọ́n ń sáré padà sí.

Nítorí náà, mo bẹ àwọn tó ní àṣẹ ní rélùwéè wa: ẹ yan ẹ́ńjìnnì olóoru kan ṣoṣo, ẹ pe àwọn fítà àti awakọ̀ àtijọ́ tó kù, ẹ jẹ́ kí àwọn tó mọ bọ́ìlà yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, kí ẹ sì dáná sí i kí àwọn ọmọ wa rí i. Ẹ̀yin olùkọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Yunifásítì Benin, ẹ kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín wá sọ́jà. N ó tú béárìn fún wọn, n kò ní gba owó. Ẹ̀yin tí bàbá yín sì fi Lister sílẹ̀ fún, tó wà lẹ́yìnkùlé lábẹ́ páànù, kí ẹ tó pe oní-kọ́ńdẹ̀mù, ẹ kọ́kọ́ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe kó wá yí i wò.