Ohun Ìdérí Bíṣọ́ọ̀bù: Fìlà Ni Tàbí Adé?

Bí Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Èkó bá wá sí Ìkòtún láti gbọ́wọ́ lé àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà lórí, ohun tí ojú ń kọ́kọ́ rí láàrin èrò ni ohun ìdérí rẹ̀, tí ó ga, tí ó sì ní ṣóńṣó méjì. Àwọn kan a pè é ní adé, àwọn mìíràn a ní fìlà ni. Bíbélì Yorùbá pe ti Áárónì ní fìlà. Orúkọ yìí ni ó bá ti bíṣọ́ọ̀bù náà mu, ìtàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí i.

Ní 1049 ni Póòpù Leo Kẹsàn-án fi ìwé yọ̀ǹda rẹ̀ fún Eberhard, bíṣọ́ọ̀bù Trier. Ní ọ̀rúndún kejìlá, òkè etí ọ̀tún àti ti òsì ni ṣóńṣó rẹ̀ méjèèjì wà. Ẹni tí ó bá mọ abetí-ajá kò ní pẹ́ fojú inú rí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí i po, tí ọ̀kan kọjú síwájú, tí èkejì kọjú sẹ́yìn. Ó wá ń ga sí i díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọ̀rúndún kẹtàdínlógún àti ìkejìdínlógún, ó ti ga fíofío, wúrà àti òkúta iyebíye sì bò ó. Ẹni tí ó dé irú èyí, ẹrù ni ó rù. Fìlà ti ń jowú adé nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ ni ìwà àwọn méjèèjì kò jọra. Ìlẹ̀kẹ̀ adé a máa wálẹ̀ bo ojú ọba. Ti bíṣọ́ọ̀bù kò bo ojú, ẹ̀yìn ni ọ̀já rẹ̀ méjèèjì ń so rọ̀ sí. Ọba kì í ṣí adé láwùjọ láti fi bọ̀wọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bíṣọ́ọ̀bù a máa ṣí tirẹ̀ bí a bá ń ka Ìhìnrere, a sì tún ṣí i nígbà àdúrà ìyàsímímọ́ àkàrà àti wáìnì, gẹ́gẹ́ bí ọmọlúwàbí ti ń ṣí fìlà níwájú àgbà. Èyí gan-an ni àwọn tí ń pè é ní adé kò kíyè sí.

Àwọn oníṣẹ́ ọnà Ọ̀yẹ́-Èkìtì, tí Fadá Kevin Carroll kó jọ láti 1947, mọ ibi tí adé yẹ. Nígbà tí George Bándélé gbẹ́ àwọn Amòye tí ó wá kí Jésù, ó gbẹ́ wọn bí ọba Yorùbá, ó sì dé wọn ládé.

Róòmù pàápàá padà sẹ́yìn. Ní oṣù November 1964, Póòpù Paul Kẹfà gbé adé onípele mẹ́ta lé orí pẹpẹ, kò sì dé e mọ́. Ní 1968, ìlànà tuntun ní kí bíṣọ́ọ̀bù máa lo ẹyọ kan ṣoṣo nínú ìsìn kan. Tẹ́lẹ̀, a máa pààrọ̀ olówó iyebíye pẹ̀lú èyí tí kò tó o. Láti ìgbà náà ni èyí tí kò ga púpọ̀ ti tún gbòde.

Bí aránṣọ kan ní Ìkòtún bá fi sányán tàbí ẹtù rán irú rẹ̀, kò ṣẹ̀ sí ìtàn. Ṣùgbọ́n bí ó bá to ìlẹ̀kẹ̀ bò ó, tí ó sì gbé ẹyẹ lé e ní ṣóńṣó, adé ni ó ṣe, bíṣọ́ọ̀bù yóò sì ní láti ṣí adé bí Ìhìnrere bá dé.