Ìtò Ohùn Kì í Ṣe Iṣẹ́ Ọ̀lẹ

Iṣẹ́ ńlá ni kí olórin to àwọn ohùn inú kíbọ́ọ̀dù orin orí kọ̀ǹpútà síbi tó yẹ wọ́n. Ní 1983, ohùn 32 péré ni kíbọ́ọ̀dù Yamaha DX7 ń tọ́jú sínú. Lónìí, ohùn inú ètò orin orí kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Omnisphere nìkan lé ní 14,000. Àwọn kan ní irú ohùn àsèsílẹ̀ báyìí, tí ẹlòmíràn ti ṣe sílẹ̀, ń pa làákàyè olórin. N kò gbà. Ní Ìlàrè, n'Ilé-Ifẹ̀, ta ni yóò pe babaláwo ní ọ̀lẹ nítorí pé Odù Ifá 256 ti wà lẹ́sẹẹsẹ lábẹ́ ojú Odù 16? Ẹni tó mọ ibi tí nǹkan wà ló ń ráyè yan èyí tó bá ọ̀rọ̀ mu. Olórin tó rí ohùn dùùrù kan, tó dín ìró ìsàlẹ̀ rẹ̀ kù kó má baà bo dùndún mọ́lẹ̀, tó wá fi orúkọ mìíràn tọ́jú rẹ̀, iṣẹ́ ọpọlọ rẹ̀ gan-an nìyẹn.