Mo Rí Wọn, N Kò Bẹ̀ Wọ́n Wò

Bí a bá wọ ilé onílé ní ilẹ̀ Yorùbá, ohun tí a kọ́kọ́ ń sọ ni 'Ẹ kú ilé o'. Bí a bá dé ibi tí wọ́n gbé ń ṣe àríyá, ohun tí a ń sọ fún ẹni tí ó ni ọjọ́ ni 'Ẹ kú ìnáwó'. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìkíni, tí mo ń to gbogbo rẹ̀ sí ojú pátákó bí ẹni ń to igbá ọjà, kí ó tó yé mi pé ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin méjèèjì yìí kì í ṣe kékeré. Ìkíni àkọ́kọ́ ń kí ènìyàn nítorí pé ó wà nílé. Èkejì ń kí i nítorí ohun tí ó ná. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni bí àwa ará Èkó ṣe ń lo Sátidé àti Sọ́ńdè wa, kí n sì béèrè bóyá 'Ẹ kú ìnáwó' kò tí ì gba ipò 'Ẹ kú ilé' mọ́ wa lọ́wọ́.

'Òpin ọ̀sẹ̀' gan-an, àlejò ni nínú èdè wa. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ àwọn baba wa, tí wọ́n ń ka ọjọ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn tí ó fi ń di márùn-ún. Ọjọ́ òòṣà àti ọjọ́ ọjà ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ a yà kí i bí ó bá ń ti oko bọ̀, tàbí ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí oòrùn bá ti rọlẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba, iṣẹ́ rélùwéè àti ilé ìjọsìn ni wọ́n gbé Sátidé àti Sọ́ńdè kalẹ̀ fún wa. Nígbà tí iṣẹ́ oṣù gba ọjọ́ márùn-ún lọ́wọ́ wa, gbogbo ìfẹ́ tí a ní sí ẹbí ni a dì pọ̀ sínú ọjọ́ méjì tí ó kù. Láti ìgbà náà ni àbẹ̀wò ti di ohun tí a ń wá àyè fún.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Yunifásítì Èkó ní Àkọkà. Àbúrò ìyá mi kan ń gbé ní Fọlá Àgòrò, níbi tí Ṣómólú, Bàrígà àti Yábàá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé, àwa ọmọ ẹbí sì ń pè wọ́n ní Màmá Fọlá Àgòrò. Ilé tí yàrá kọjú sí yàrá ni ilé náà, ilé ìdáná kan ṣoṣo fún gbogbo ayálégbé. Bí ó bá jẹ́ Sátidé tí ó gbẹ̀yìn oṣù, n ó dúró kí aago mẹ́wàá lù, nítorí òfin ìmọ́tótó tí ó bẹ̀rẹ̀ láyé ìjọba ológun ní 1984 kò gbà kí a rìn ní ìgboro kí ó tó di ìgbà náà. Ọdún 2016 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tó mú ìdènà ìrìn yẹn kúrò. Bí aago bá ti lù, n ó ra búrẹ́dì dání, n ó sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ. Ẹnikẹ́ni kò pè mí, èmi náà kò sì ránṣẹ́ ṣáájú pé mo ń bọ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé kíyè sí bí àbẹ̀wò náà ṣe ń lọ, nítorí pé àbẹ̀wò ní ètò gẹ́gẹ́ bí ẹkún ìyàwó tàbí ìjálá ṣe ní ètò. Ìkíni ni ó kọ́kọ́ ń wáyé, lórí ìdọ̀bálẹ̀. Omi a tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn omi, wọ́n á béèrè àwọn ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì dárúkọ olúkúlùkù. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìdákẹ́jẹ́ á dé. Wọ́n á máa ṣa ẹ̀wà wọn lọ, èmi náà á bá wọn ṣà á, a lè má sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Láàrin ìdákẹ́jẹ́ yìí ni wọ́n á gbé ojú sókè, wọ́n á ní, 'O ti rù. Kí ló dé?' Àsìkò yìí gan-an ni mo kà sí ọkàn àbẹ̀wò: ojú ti balẹ̀, ó sì ti ráyè wo ènìyàn.

Apá tí ó kẹ́yìn ni sísìn. Àlejò kì í dá jáde. Onílé ní láti sìn ín sọ́nà. Ẹni tí ó bá mọ̀ wá dáadáa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí ó ṣòroó sọ nínú ilé, ojú ọ̀nà ni a ti ń sọ ọ́, nígbà tí a bá jọ ń rìn tí ojú kò kọ ojú. Nígbà tí wọ́n ń sìn mí lọ sí títì ní ọjọ́ kan ni mo gbọ́ pé ìyá mi ti ta ẹ̀gbà ọrùn wọn kí n tó lè wọ ọdún kejì ní yunifásítì. Ìyá mi kò sọ ọ́ fún mi títí wọ́n fi kú. Bí kò bá sí sísìn, n kì bá tí mọ̀ láéláé.

Báwo ni irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe bọ́ lọ́wọ́ wa? Àwọn kan ń sọ pé ayé ti bàjẹ́, pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò ní ìfẹ́. N kò fara mọ́ ọn, ìwé kan sì wà tí ó ràn mí lọ́wọ́ láti kọ èrò náà. Ní 1955, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé kan ní àárín Erékùṣù Èkó, lábẹ́ ìgbìmọ̀ Lagos Executive Development Board tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1928 lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ àrùn eku ti jà ní ìlú. Wọ́n kó púpọ̀ nínú àwọn tí ilé wọn wó lọ sí Sùúrùlérè. Peter Marris, onímọ̀ àwùjọ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ bá àwọn tí ó ṣì wà ní Erékùṣù àti àwọn tí wọ́n ti kó lọ, ó sì kọ ohun tí ó rí sínú ìwé Family and Social Change in an African City, tí ó jáde ní 1961.

Ohun tí ó rí kò ṣòroó lóye. Ní Erékùṣù, ìyá, ọmọ, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ń gbé nítòsí ara wọn, wọ́n sì ń rí ara wọn lemọ́lemọ́ láìná kọ́bọ̀. Nígbà tí wọ́n dé Sùúrùlérè, owó ọkọ̀ wọ̀ ọ́. Àbẹ̀wò dín kù, ìrànlọ́wọ́ náà sì dín kù pẹ̀lú rẹ̀, nítorí pé bí a bá rí ara wa ni a ń fi nǹkan sí ara wa lọ́wọ́. Ilé tuntun náà dára ju ti àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ dá nìkan wà. Mo gba ẹ̀rí ìwé yìí gbọ́: kì í ṣe ìfẹ́ ni ó kọ́kọ́ kú, ọ̀nà ni ó jìn.

Ohun tí ìwé náà kò lè sọ, nítorí ọdún tí ó jáde, ni ohun tí a wá fi dí àlàfo yẹn. Òde ni. Òótọ́ ni pé àríyá ti wà kí Sùúrùlérè tó di ibùgbé. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò pè é ní àbẹ̀wò. Nígbà tí Èkó ń gbòòrò sí i, tí ẹ̀gbọ́n ń gbé ní Ìkòròdú, tí àbúrò ń gbé ní Òkòkò, ibi ayẹyẹ di ibi tí ẹbí ti ń pàdé. Fọlá Àgòrò kò jìnnà sí orísun rẹ̀ rárá, nítorí pé Ṣómólú ni ìlú àwọn atẹ̀wé. Ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà tí a fi ń ṣe ìrántí olóògbé, apá ńlá nínú wọn, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àdúgbò yẹn ni ó ń bí wọn. Bí a bá rìn kọjá níbẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, a ó rí òde tí gbogbo Èkó ń lọ ní ọjọ́ kejì, tí wọ́n ti gé létí, tí wọ́n sì ti dì sínú páálí.

N kò fẹ́ bú òde. Ẹni tí ó bá ń bú u ti gbàgbé pé ọ̀pọ̀ ọmọ ìyá ni kì bá tí mọ ara wọn bí kò bá sí ìsìnkú bàbá àgbà. Aṣọ ẹbí pàápàá, ohun tí ó ń wí ni pé ọ̀kan ni wá. Télọ̀, alásè, onílù àti atẹ̀wé ń jẹun nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo òde pẹ̀lú ojú kan náà tí a fi wo àbẹ̀wò. Christopher Waterman, nínú ìwé rẹ̀ lórí orin jùjú tí ó jáde ní 1990, fi hàn pé ibi tí a ti ń gbé iyì àti ipò ẹni yọ ni àríyá jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Ní òde, tábìlì ní ipò, àga ní ipò, ẹran inú abọ́ pàápàá ní ipò. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn kò jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ kankan wà. Kò sí sísìn pẹ̀lú. Abọ́ oníke tí wọ́n tẹ àwòrán olóde mọ́ ni ó ń sìn wá délé. Òde dára fún kí a rí ènìyàn, kò sì dára fún kí a wò ó.

Fóònù alágbèéká tún dá kún un. Láti 2001 tí ó ti dé, ẹni tí ó bá yà sílé ẹni láìpè ti di aláìmọ̀wàáhù. 'Ẹ̀ bá ti pè kí ẹ tó wá' ni wọ́n ń wí, bí ẹni pé a wá gba owó. Nígbà tí ìjọba sì yọ ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù kúrò ní oṣù Karùn-ún 2023, tí owó ọkọ̀ fò sókè, àwáwí wa pé pérépéré. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣì ń rí owó ra aṣọ ẹbí.

Èmi gan-an ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo dúró sí òkè ń sọ òkò. Láàrin ọdún kan, mo pàdé Màmá Fọlá Àgòrò ní òde mẹ́ta: ìgbéyàwó méjì àti ìsìnkú kan. Nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo dọ̀bálẹ̀, tí wọ́n gbá mi lẹ́yìn, tí a jọ ya àwòrán. Ní ẹ̀kẹta, orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n fi súre fún mi. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ariwo ìlù ni kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn mi. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, iṣẹ́ ìwé kan gbé mi lọ sí Ṣómólú, mo sì yà sílé wọn láìpè. Wọ́n jókòó síbi tí wọ́n máa ń jókòó sí. Mo kí wọn, wọ́n dáhùn, wọ́n sì ń fi ọwọ́ wá ife omi lórí tábìlì tí ife náà wà ní iwájú wọn gan-an.

Àrùn ojú tí a ń pè ní glaucoma ni. Kì í sábà dunni, díẹ̀díẹ̀ ni ó ń jí ìríran lọ, ohun tí ó bá sì jí kì í dá a padà; ṣùgbọ́n bí a bá tètè mọ̀, a lè dá a dúró. Ojú kan ti lọ kí a tó gbé wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà. Èkejì ni a rí dáàbò bò, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo béèrè ìdí tí wọn kò fi sọ fún mi, wọ́n ní, 'Níbo ni ǹ bá ti sọ ọ́?' Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n tún ní, 'Aṣọ tí a jọ wọ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú yẹn, àwọ̀ wo ni?'

Iṣẹ́ èdè ni mo ń ṣe, síbẹ̀ n kò gbọ́ ohun tí èdè mi ń wí. 'Rí' wà nínú rẹ̀, 'wò' náà wà níbẹ̀. Ojú lásán tó fún rírí. Àfi kí ènìyàn dúró kí ó tó lè wò. Àwọn baba wa kò pe lílọ sí ilé ẹni ní àbẹ̀rí. Àbẹ̀wò ni wọ́n pè é. Wọ́n sì tún ń pa á lówe pé, 'Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́, àńjọ̀fẹ́ kú, a ò rẹ́nìkan mọ́.' Mo máa ń rò pé àwọn ọ̀rẹ́ ajẹunjẹun ni òwe náà ń bá wí. Ní báyìí mo mọ̀ pé ó ń bá ọmọ ẹ̀gbọ́n tí ó wọ aṣọ ẹbí dáadáa wí pẹ̀lú.

Kí ni kí a ṣe? Ọ̀nà kò ní súnmọ́ tòsí, epo kò sì ní tún pọ̀ bí i ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá lè ka iye òde tí a lọ láàrin ọdún, a lè ka iye ilé tí a dé, kí a sì fi èkíní díwọ̀n èkejì. Owó aṣọ ẹbí kan ṣoṣo tó owó ọkọ̀ lọ sí Fọlá Àgòrò lọ́pọ̀ ìgbà. Èmi ti ṣírò rẹ̀. Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù ni mo ń lọ báyìí. Mo ń ra búrẹ́dì dání, n kò sì ń pè kí n tó lọ. Èmi ni mo ń ṣa ẹ̀wà, wọ́n sì ń gbọ́ bí ó ti ń bọ́ sínú abọ́. Bí mo bá fẹ́ máa lọ, wọ́n ṣì ń dìde sìn mí, ọwọ́ wọn ní èjìká mi, títí dé ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ohun tí wọn kò sọ nínú ilé.