Ta Ni Í Mú Ṣọ́jà?

Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ láàárín awakọ̀ kan àti ṣọ́jà kan ní gáréèjì Ìrẹsà-Adú, ìlú wa, kò ní pẹ́ tí ẹ óò fi gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé, "Ẹ fi í sílẹ̀ jàre, ta ni í mú ṣọ́jà?" Mo máa ń rẹ́rìn-ín sínú ni. Àwa la máa ń mú wọn. Iṣẹ́ tí mo fi ìgbà ọ̀dọ́ mi ṣe nìyẹn: ọlọ́pàá inú iṣẹ́ ológun, tí gbogbo bárékè mọ̀ sí MP. Mo ti fẹ̀yìntì, oko ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ni mo ń ro báyìí, àmọ́ bí mo bá rí ọ̀dọ́ kan tó dé fìlà pupa yẹn tó gún régé lórí rẹ̀, ara mi a yá gágá.

Ọ̀pọ̀ èèyàn mọ fìlà náà, wọ́n sì ń bẹ̀rù rẹ̀. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé MP tó mọṣẹ́ kì í pariwo. Ẹni tí iṣẹ́ náà kò tíì yé ló ń lọgun kiri. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn iṣẹ́ yìí nìyẹn, òun náà ni mo sì fẹ́ ṣàlàyé.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ kì í ṣe tuntun lágbègbè wa. Àlùfáà Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, tó jáde ní 1921, pé Arẹsà, ọba Ìrẹsà, wà lára àwọn ọba Ẹkùn Òsì nílẹ̀ Ọ̀yọ́, pẹ̀lú Olúgbọ́n àti Oníkòyí. Ó tún kọ nípa àwọn Ẹ̀ṣọ́, 70 jagunjagun ọlọ́lá tí wọ́n pín sábẹ́ àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì méjèèje. Èèwọ̀ ni kí ọfà ba Ẹ̀ṣọ́ lẹ́yìn. Iwájú ni ọgbẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà. Inú irú ìtàn bẹ́ẹ̀ la dàgbà sí, nítorí náà nígbà tí mo sọ nílé pé mo fẹ́ wọṣẹ́ ológun, bàbá mi kò bá mi jà. Ohun kan ṣoṣo ló sọ: "Má fi ìbọn ìjọba halẹ̀ mọ́ ẹni tí kò ní nǹkan lọ́wọ́."

Zaria la ti ń kọ́ṣẹ́. Ibùdó tí wọ́n ń pè ní Depot ni gbogbo rìkúrúùtì máa ń kọ́kọ́ lọ, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ ìwà abúlé kúrò lára èèyàn. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n kó àwa tí wọ́n yàn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn MP ní Basawa, ní Zaria kan náà. Ọyẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ti Ògbómọ̀ṣọ́ rárá. Ètè á bẹ́, ìka á kú tipiri, síbẹ̀ aago márùn-ún àárọ̀ kò ní í bá ọ lórí bẹ́ẹ̀dì. Hausa la fi ń ṣàwàdà, Gẹ̀ẹ́sì la fi ń gba àṣẹ; Yorùbá di ohun tí à ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn tí iná bá ti kú.

Aṣọ ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Sítáàṣì ẹ̀gẹ́ la máa ń sè, a ó sè é kó ṣàn díẹ̀, nítorí bó bá ki jù, á fi àbàwọ́n funfun sílẹ̀ lára kakí. A ó ki aṣọ bọ̀ ọ́, a ó sá a, kí ó tó gbẹ tán pátápátá a ó ká a kúrò. Inú aṣọ la ó kọ́kọ́ fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀, kí a tó yí i sí òde, títí ìlà apá ẹ̀wù yóò fi dúró bí ẹnu ọ̀bẹ. Bàtà ńkọ́? Òwú díẹ̀, pọ́líìṣì díẹ̀, ẹ̀kán omi kan, kí ìka máa yí roboto lójú kan náà títí wàá fi rí eyín ara rẹ nínú bàtà. Lẹ́yìn náà ló kan bẹ́líìtì funfun àti idẹ ẹnu rẹ̀.

Mo rò nígbà náà pé ìyà lásán ni wọ́n fi ń jẹ wá. Olùkọ́ wa kan, ọmọ Tiv tí kì í gbé ohùn sókè, ló là wá lóye. Ó ní kí ẹnì kan nínú wa jáde síwájú, ó tú bọ́tìnnì kan ní àyà rẹ̀, ó wá ní kó lọ bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wí pé okùn bàtà rẹ̀ kò dáa. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Àwọn bàbá wa ti sọ ọ́ tipẹ́: ẹni tó bá ní òun ó dáṣọ fún ni, tọrùn rẹ̀ là á wò. Ṣọ́jà tí o dá dúró yóò fi ojú wá àléébù lára rẹ láti orí dé ẹsẹ̀. Bí kò bá rí ọ̀kan, ìdajì iṣẹ́ ti parí kí o tó la ẹnu.

Ẹ̀kọ́ kejì ni ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Kí wọ́n tó kọ́ wa bí a ó ṣe fi de ẹlòmíràn, wọ́n ní kí a fi de ara wa, kí a sì wọ̀ ọ́ jẹun ọ̀sán. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ibi tí irin náà ti ń dun èèyàn, lórí eegun kékeré tó yọ lẹ́bàá ọrùn ọwọ́. Orí ìka kan gbọ́dọ̀ lè wọ àárín irin àti ara. Lẹ́yìn náà, wàá tì í lẹ́ẹ̀kejì, kí ó má baà máa fún mọ́ ọn bó bá ti ń yíra padà. Ọ̀daràn lè ti jalè, ó lè ti sá kúrò lójú ogun. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì ni yóò fi jẹun lọ́la.

Ẹ̀kọ́ kẹta ló le jù, òun ni ọ̀rọ̀ oyè. Kọ́púrà lásán ni mí nígbà náà, ọ̀gá tó ní ìràwọ̀ léjìká sì lè gba iwájú mi kọjá láì dé fìlà. Òfin iṣẹ́ ológun wa, tí wọ́n ṣe ní 1993, fún MP lágbára láti mú ẹnikẹ́ni tó wà lábẹ́ òfin náà, àmọ́ kọ́púrà kò lè mú ọ̀gá olóyè àfi tí ọ̀gá mìíràn bá pa á láṣẹ. Kí ni wàá wá ṣe? Wàá kọ́kọ́ kí i pẹ̀lú sàlúùtì tó mọ́lẹ̀ kedere. Wàá ní, "Sà, ẹ jọ̀wọ́, fìlà yín." Wàá tún kí i. Bó bá bú ọ, wàá kọ orúkọ rẹ̀, aago àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀ sínú ìwé àpò rẹ, bí ó ṣe sọ̀rọ̀ gẹ́lẹ́ láì fi iyọ̀ sí i. Ìwé yẹn ti dẹ́rù ba ọ̀gá púpọ̀ ju ìbọn lọ.

Lẹ́yìn tí mo kúrò ní Zaria ni mo rí bí gbogbo ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ṣe ń para pọ̀ ṣiṣẹ́. Ní bárékè kan tí mo ti ṣiṣẹ́, ṣọ́jà kan mutí yó ní màmí màkẹ́ẹ̀tì, ọjà inú bárékè, lálẹ́ ọjọ́ kan, ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọta sì wà nínú rẹ̀. Àwọn ìyá tó ń ta ọbẹ̀ ti dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ tábìlì. Ọwọ́ mi ti ń lọ sí ìbọn tó wà nídìí mi. Sájẹ́ǹtì tí mo tẹ̀lé lọ fi ọwọ́ dá mi dúró, ó rọra rìn lọ, ó sì fìdí lé bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó wá mutí. Ó ní, "Ọmọ ìyá mi, ṣé o ti jẹun?" Onítọ̀hún ní òun kò tíì jẹun. Sájẹ́ǹtì ní kí wọ́n bu ẹ̀bà wá. Bí wọ́n ṣe gbé abọ́ kalẹ̀, ó ní, "Jẹ́ kí n bá ọ di èyí mú, kí ọbẹ̀ má ta sí i." Bí ìbọn ṣe bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó yọ àpò ọta, ó fa irin ẹ̀gbẹ́ ìbọn sẹ́yìn, ọta kan já bọ́ sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Kò lù ú, kò sì de é níwájú àwọn obìnrin yẹn. Ó dúró kí ó jẹun tán.

Ní gádírúùmù, ìyẹn àtìmọ́lé bárékè, sájẹ́ǹtì bọ́ bẹ́líìtì àti okùn bàtà ṣọ́jà náà, nítorí ẹni tí ọtí bá dá lójú rẹ̀ tí ìtìjú sì dé lè fi wọ́n pa ara rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rò pé yóò jẹ́ kó lọ. Rárá o. Ó kọ gbogbo ẹ̀sùn rẹ̀ sílẹ̀ láì yọ ọ̀kan, ó sì mú un dé iwájú ọ̀gá wọn. Àánú tirẹ̀ wà nínú ọ̀nà tó gbà mú un. Òfin sì gba tirẹ̀. Mo ti wo àwọn alágbẹ̀dẹ lẹ́nu iṣẹ́, mo ti wo àwọn onílù, àmọ́ n kò tíì rí ọwọ́ tó mọṣẹ́ tó ti ọkùnrin yẹn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Àwọn ará ìlú tún máa ń rò pé mímú èèyàn nìkan ni iṣẹ́ wa. Lójú ogun, ọ̀nà ni MP ń ṣọ́ jù. Àwọn ECOMOG, ọmọ ogun àpapọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, gúnlẹ̀ sí èbúté Monrovia ní 24 August 1990. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni èmi dé Liberia. Kí ọ̀wọ́ ọkọ̀ tó gbéra, MP ti lọ síwájú, ó ti gbé àmì sí oríta, ó sì ti dúró síbẹ̀. Òru lè ṣú, kí ọkọ̀ máa bọ̀ láì tan iná, kí ìwọ máa fi tọ́ọ̀ṣì tí o fi aṣọ bò júwe. Bí o bá júwe ọ̀nà òdì fún ọkọ̀ àkọ́kọ́, gbogbo èyí tó tẹ̀lé e yóò bá a lọ sínú ewu. Ní ọ̀sán, àwọn tó ń sá fógun á kún ojú ọ̀nà, ẹrù lórí, ọmọ lẹ́yìn. Ọkọ̀ tó gbé àwọn tó fara pa gbọ́dọ̀ kọjá, ìyá arúgbó náà sì gbọ́dọ̀ kọjá. MP ni yóò rí i pé àwọn méjèèjì kọjá láì gbún ara wọn.

Ní gbogbo 15 January, ọjọ́ ìrántí àwọn akọni tó kú sójú ogun, a máa ń pé jọ. Lẹ́yìn ayẹyẹ, àwa tí ilé wa wà ní Ìrẹsà àti Ògbómọ̀ṣọ́ á jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, àgbà á máa sọ tirẹ̀, èwe á máa gbọ́. Àgbà kan wà láàárín wa tó dúró sí oríta ní Èkó ní 2 April 1972, ọjọ́ tí Nàìjíríà kúrò ní wíwa ọkọ̀ lọ́wọ́ òsì bọ́ sí ọ̀tún. Ó ní apá òun ń ro òun títí di ọjọ́ kejì, nítorí awakọ̀ kọ̀ọ̀kan ló fẹ́ kí òun ṣàlàyé fóun. Ìyá kan tún wà tó jẹ́ MP. Òun àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ló máa ń yẹ ara àwọn obìnrin wò níbi àyẹ̀wò ọkọ̀, kí ọkùnrin má baà fọwọ́ kàn wọ́n.

Àwọn tó jẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ (infantry) láàárín wa kì í jẹ́ kí a gbádùn. Ọ̀kan nínú wọn nawọ́ sí mi lọ́jọ́ kan: "Ẹ̀yin yìí! Ẹ̀yin lẹ tì mí mọ́ gádírúùmù ní Ìbàdàn nítorí bọ́tìnnì kan ṣoṣo!"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe bọ́tìnnì o. Ẹ kò ní páàsì, ìwé àṣẹ ìjáde."

Ó ní, "Páàsì wo? Ìyàwó mi bímọ!"

Mo ní, "Ẹ kú ewu ọmọ, sà. Ẹ ò bá sì ti sọ fún ọ̀gá yín." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Ẹ̀rín náà kò bo òtítọ́ mọ́lẹ̀. A mọ̀ pé àwọn ṣọ́jà kan ti na ará ìlú, wọ́n ti ní kí bàbá arúgbó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́, àwọn MP kan sì mójú kúrò. Ogun abẹ́lé Nàìjíríà kọ́ wa ní ibi tí irú ìwà bẹ́ẹ̀ lè já sí. Ní 1967, Yakubu Gowon, olórí ìjọba ológun ìgbà náà, fún àwọn ọmọ ogun ní ìwé ìlànà tó kà á léèwọ̀ kí wọ́n pa ẹni tó ti juwọ́ sílẹ̀. Ní 1968, ní ẹkùn ogun gúúsù, níbi tí Benjamin Adékúnlé, ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ti ń darí, wọ́n yìnbọn pa ọ̀dọ́ ọ̀gá ológun kan nítorí pé ó pa ará Biafra kan tí kò ní ohun ìjà lọ́wọ́. Àwọn akọ̀ròyìn òkèèrè ya fíìmù rẹ̀. N kò lè fi irú ikú bẹ́ẹ̀ yangàn. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé bó bá ti di kí ìbọn pa ẹni tó ṣẹ̀, gbogbo wa ti pẹ́ jù. Iṣẹ́ MP ni láti tètè dé, nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì jẹ́ ti fìlà àti páàsì. Ṣọ́jà tí a bá bá wí lórí ohun kékeré lónìí lè má ṣe ohun ńlá lọ́la.

Àwọn ọ̀dọ́ Ìrẹsà máa ń wá bá mi, wọ́n fẹ́ kí n kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè wọṣẹ́ náà. Wọ́n á máa sáré fi hàn mí, wọ́n á máa fi àyà tẹ ilẹ̀. Mo máa ń yìn wọ́n. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń bú ẹni tó lágbára jù nínú wọn, mo máa ń bú u dáadáa, mo sì máa ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá wà nílẹ̀ jẹ́ẹ́, tó sì ní, "Ẹ má bínú, sà, kí ni mo ṣe?" ni mo máa ń sọ ọ̀nà Zaria fún.